Ta ni Jan Kowalski tí mò ń rí lórí gbogbo fọ́ọ̀mù, kí sì ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn?

Títí_Wrocław:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí, ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ ṣáà dá mi lóhùn lẹ́yìn ẹ̀.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti wà ní Wrocław ní Pólándì níbí, ilé ìwé ló gbé mi wá. Bàbá tó ni ilé tí mo ti gba yàrá kan, Kowalski ni wọ́n ń jẹ́. Ìyàwó wọn náà fọwọ́ síwèé adéhùn ilé, mo wò ó, Kowalska. Mo ní hẹn-ẹ́n, ṣé wọ́n ṣì í kọ ni àbí wọn ò tíì ṣègbéyàwó, mo dákẹ́ jẹ́ẹ́ torí kò kàn mí. Àfi bí mo ṣe wo ara aago ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, Kowalscy ni wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ mẹ́ta nínú ilé kan ṣoṣo!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ gba fọ́ọ̀mù kan ní ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri tí wọ́n ti kọ ọ́ kún kéèyàn lè máa wò ó kọ tiẹ̀, orúkọ tó wà níbẹ̀ ni Jan Kowalski. Mo kọjá sí báńkì, wọ́n gbé àwòrán káàdì ńlá kan kọ́, Jan Kowalski ló wà lára káàdì náà. Mo padà délé, mo wá ń wo lándílọ́ọ̀dù mi tìyanu-tìyanu, mo ní ṣé bí bàbá yìí ṣe wá gbajúmọ̀ tó nìyí, tí wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe fúnra wọn.

Kí ni ìtumọ̀ orúkọ yìí? Kí ló dé tó ń para dà? Ẹnì kan ní kíláàsì wa tó wá láti Yukréènì ń jẹ́ Kovalenko, ó ní òun àti Kowalski àti Kovačić tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Kroéṣíà, orúkọ kan náà ni gbogbo ẹ̀, ó sọ ọ́ tán ó bá tiẹ̀ lọ.

Gbénró_W:

"Tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe fúnra wọn" 😂😂 Títí o ò ní pa mí.

Àbúrò mi, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Jan Kowalski lórí fọ́ọ̀mù yẹn. Lágbájá ni. Tí wọ́n bá ti fẹ́ kọ orúkọ tí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó, òun ni wọ́n máa kọ, Jan yẹn ni Jòhánù, tó bá jẹ́ obìnrin wọ́n á kọ Anna Kowalska. Tó o bá ti ń gbọ́ ìròyìn wọn dáadáa wàá máa gbọ́ "przeciętny Kowalski", mẹ̀kúnnù tí wọ́n bá fi kún owó iná tàbí owó orí tó máa kọ́kọ́ ké ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ìtumọ̀ ẹ̀ ò le rárá. Kowal ni alágbẹ̀dẹ. Ọ̀rọ̀ tó bí i ni kuć, ká rọ irin, ká fi òòlù lù ú, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti wà lẹ́nu àwọn Slav, ìyẹn àwọn tí èdè wọn bá ara wọn tan bíi Pólándì, Yukréènì, Rọ́ṣíà àti Kroéṣíà, kí wọ́n tó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ìdí nìyẹn tó o fi ń bá a pàdé níbi gbogbo. Ọmọ kíláàsì yín ò parọ́ fún ẹ. Ní Yukréènì alágbẹ̀dẹ ni koval, "-enko" tí wọ́n fi sí i lẹ́yìn dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní "ọmọ", Kovalenko ni ọmọ alágbẹ̀dẹ. Kroéṣíà àti Sẹ́bíà ń pe alágbẹ̀dẹ ní kovač, "-ić" tiwọn náà iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, ibẹ̀ ni Mateo Kovačić ti yọ, Kovačević náà ń bẹ. Slofákíà ní Kováč, ààrẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ní 1993, Michal Kováč ni. Czech ní Kovář. Rọ́ṣíà ló gba ọ̀nà mìíràn díẹ̀, kuznets ni wọ́n ń pe alágbẹ̀dẹ, ó di Kuznetsov, àmọ́ ìdí igi kan náà ni òun náà ti hù. Họ́ńgárì kì í ṣe Slav rárá, èdè wọn ò jọ ti àwọn yòókù, síbẹ̀ wọ́n yá kovač lọ, Kovács sì wà lára orúkọ ìdílé tó pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wọn títí dòní.

Wàá ní kí ló dé tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ ṣáá. Èmi náà bi ara mi nígbà kan. Ìgbà yẹn àgbẹ̀ ni gbogbo abúlé, ọgọ́ta ilé, àgbẹ̀ ni ilé mọ́kàndínlọ́gọ́ta, tó o bá ní "Jan àgbẹ̀", Jan wo nínú wọn? Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ, ẹyọ kan ni, gbogbo wọn ló ń lọ bá a, òun ló ń kan irin mọ́ pátákò ẹṣin, òun ló ń rọ dòjé, òun ló ń tún irin ìtúlẹ̀ ṣe, tó o bá ti ní Jan alágbẹ̀dẹ kò sẹ́ni tó máa ṣì í mú. Tó o bá wá ro iye abúlé tó wà láti Pólándì títí wọ Rọ́ṣíà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní alágbẹ̀dẹ tiẹ̀, wàá rí i pé àwọn Kowalski ò gbọ́dọ̀ má pọ̀. Wọn ò bá ara wọn tan o, òòlù ló pa wọ́n pọ̀.

Ọmọ_Ọlọ́lá77:

Bọ̀dá Gbénró ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún èmi ni pé ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá ti parí sí "ski" ìdílé ọlọ́lá ló ti wá, àwọn tó ni ilẹ̀ láyé ọjọ́un. Báwo ni alágbẹ̀dẹ ṣe wá di ọlọ́lá?

Akọ̀wé Àgbà:

@Ọmọ_Ọlọ́lá77 ẹni tó sọ fún yín ò parọ́, kò kàn sọ ọ́ dé òpin ni.

"-ski" yẹn, "ti ibi báyìí" ló túmọ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ni ilẹ̀ ibì kan ló máa ń fi orúkọ ibẹ̀ jẹ́. Wọ́n dá ìlú Tarnów sílẹ̀ ní 1330, àwọn ọmọ ọmọ ẹni tó dá a sílẹ̀ di Tarnowski, ìyẹn ni pé Tarnów, tiwọn ni. Orúkọ wá ń tọ́ka sí ilẹ̀, ilẹ̀ sì ni ọlá nígbà yẹn, ẹ wo bó ṣe máa dùn mọ́ni létí. Bó ṣe dùn yẹn náà ló ṣe tàn kálẹ̀, àwọn tí kò ní pápá kan báyìí náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ski" sí tiwọn, alágbẹ̀dẹ tó ń jẹ́ Kowal tẹ́lẹ̀, ọmọ ẹ̀ di Kowalski, Kowal sì ń bẹ tí kò fi nǹkan kan kún un títí dòní. Láàárín 1772 sí 1795 ni Ọ́síríà, Prussia (ìjọba Jámánì kan láyé ìgbà yẹn) àti Rọ́ṣíà pín ilẹ̀ Pólándì mọ́wọ́, àwọn ìjọba yẹn sì ń fẹ́ orúkọ tí kò ní máa yí padà láti ọ̀dọ̀ bàbá sọ́dọ̀ ọmọ, nítorí owó orí àti iṣẹ́ ológun, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pe kálukú di ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí Gbénró ò mẹ́nu bà. Kì í ṣe gbogbo Kowalski ló jẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ. Àwọn ibì kan wà tó ń jẹ́ Kowale, ìlú kékeré kan sì wà tí wọ́n ń pè ní Kowal gan-an, ibẹ̀ ni wọ́n bí Ọba Kazimierz Kejì sí ní 1310, rárá o, ẹ má bínú, Kazimierz Kẹta, èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹni Ńlá. Ẹni tó bá kúrò ní Kowal tó lọ tẹ̀dó síbòmíràn lè di Kowalski láì di òòlù mú rí láyé ẹ̀. Torí náà téèyàn bá fẹ́ mọ ti ìdílé kan pàtó, ìwé ìrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wọn ló máa lọ tú, ìtumọ̀ orúkọ nìkan ò tó.

Morẹ́nikẹ́_L:

Títí, ti Kowalska àti Kowalscy yẹn, kò sẹ́ni tó ṣì í kọ. "Ski" ń ṣe bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń júwe nǹkan, lédè wọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ń júwe mu, ọkùnrin Kowalski, obìnrin Kowalska, tọkọtaya tàbí ìdílé lápapọ̀ Kowalscy. Ohun tó wà lára aago yẹn ni "ìdílé Kowalski". Ẹ wo Marie Curie tí gbogbo wa kà nípa ẹ̀ nílé ìwé, Maria Skłodowska ni wọ́n sọ ọ́ ní Warsaw ní 1867, bàbá ẹ̀ sì ń jẹ́ Skłodowski, orúkọ kan náà ni.

Dúró ná, kò tíì tán. Tó o bá ń sọ̀rọ̀ nípa bàbá yẹn orúkọ ẹ̀ á tún máa yí, "mo rí Kowalskiego", "mo fún Kowalskiemu", "èmi àti Kowalskim". Oṣù kẹta mi níbí ni mo gba lẹ́tà kan tí wọ́n ti ṣe báyìí sí orúkọ tèmi, mo bínú lọ bá wọn pé ẹ ti ba orúkọ mi jẹ́, obìnrin tó wà nídìí tábìlì ń wò mí ṣáá bíi pé orí mi ò pé.

Ti Kovalenko rọrùn ní tiẹ̀, tọkùnrin tobìnrin Kovalenko ni. Rọ́ṣíà fi "a" sí i, ìdí nìyẹn tí ẹni tó gba US Open tẹ́nìsì ní 2004 fi ń jẹ́ Svetlana Kuznetsova. Àwọn Czech ní "-ová", Kovářová, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022 òfin ti gba obìnrin tó bá wù láyè láti jẹ́ Kovář bíi ti bàbá ẹ̀.

Déle_bọ́ọ̀lù:

Shevchenko ńkọ́? Èyí tó gba Ballon d'Or 2004.

Gbénró_W:

Shvets ni ẹni tó ń rán bàtà. Ọmọ onísọ̀ bàtà ni, ó sì wá fi bàtà jẹun lóòótọ́ 😂

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un torí mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè: Kowalski kọ́ ló pọ̀ jù ní Pólándì o. Nowak ni, wọ́n tó bíi 200,000, àwọn Kowalski àti Kowalska wá tẹ̀ lé wọn. "Nowy" ni tuntun, Nowak ni àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé abúlé. Czech náà, Novák ló pọ̀ jù, Slofíníà náà, Novak. Sẹ́bíà ló fi ṣe orúkọ àbísọ, Novak Djokovic. Wọ́n dé, wọ́n pè wọ́n ní àlejò, ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kọjá, àlejò ṣì ni wọ́n ń jẹ́.

Títí_Wrocław:

Háà, ẹ ṣé gan-an ni o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti bi bàbá léèrè lálẹ́ àná bóyá alágbẹ̀dẹ wà nínú ìran wọn. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní bàbá tó bí bàbá àwọn ń ṣe búrẹ́dì ni. Màámá bá rẹ́rìn-ín láti inú kíṣíìnì, wọ́n ní òótọ́ ni, kò sí Kowalski kankan nílé yìí tó mọ òòlù í dì mú, ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀rí kó lọ wo ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Ìbéèrè tó kù: ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ń bọ̀, mo fẹ́ fún wọn ní káàdì. Kí ni mo máa kọ sára àpòòwé? Tí mo bá sì fẹ́ pe bàbá, ṣé "Panie Kowalski", ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Kowalski, ni?

Morẹ́nikẹ́_L:

Kọ "Państwo Kowalscy", ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin Kowalski. Àmọ́ má pe bàbá ní Panie Kowalski o! Àwọn náà mọ ìwà ọmọlúàbí, bí ìgbà tí ọ̀gá ń pe ọmọ iṣẹ́ ló máa ń dún létí wọn. "Proszę pana", bí ìgbà téèyàn ní "ẹ jọ̀ọ́ sà", ni kó o máa wí, kó o fi orúkọ sílẹ̀ pátápátá.