Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mu bíà IPA rí, báwo ló ṣe rí lẹ́nu yín?

Àkàndé Sacramento:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lálẹ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ra Torpedo ti Sierra Nevada, IPA (India Pale Ale, irú bíà kan tó máa ń korò) tí wọ́n ń pọn ní Chico, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa níbí. Ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 7.2 nínú ọgọ́rùn-ún, ìkorò rẹ̀ sì jẹ́ 65 IBU. Ẹni tí kò bá mọ IBU, òun ni wọ́n fi ń wọn ìkorò tí hops, òdòdó kan tí wọ́n fi ń pọn bíà, fi sílẹ̀ nínú rẹ̀. Mílígíráàmù kan nínú lítà kan ni 1 dúró fún.

Ewúro ni mo jẹ dàgbà. Mo rò pé kò sí ìkorò tó lè bá mi lójijì mọ́, àfi ìgbà tí mo mu èyí. Mo dà á sínú gíláàsì, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí oyin, ìhó rẹ̀ funfun, ó dúró, kò tètè wálẹ̀. Mo gbé e sí imú, mo gbọ́ òórùn èèpo ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀bẹ bó, lẹ́yìn ìyẹn òórùn pákó tútù, bíi ti ibi tí wọ́n ti ń la igi. Mo wá fi kan ẹnu. Ó kọ́kọ́ dùn díẹ̀ bíi mọ́ọ̀tì, ọkà tí wọ́n mú hù tí wọ́n fi ń pọn bíà, kí n tó gbé e mì, ìkorò ti gba gbogbo ẹ̀yìn ahọ́n mi, ó sì jókòó síbẹ̀.

Àwọn adájọ́ bíà tí wọ́n ń pè ní BJCP, 50 ni wọ́n fi ń gba máàkì. 12 fún òórùn, 3 fún ìrísí, 20 fún ìtọ́wò, 5 fún bó ṣe rí nínú ẹnu, 10 fún gbogbo ẹ̀ lápapọ̀. Èmi fún un ní 10, 3, 15, 4 àti 7. 39 nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mu irú ẹ̀, ẹ sọ tiyín.

Ọmọ Aláró:
Ewúro tí wọn ò fọ̀. Ó tán.

Dípọ̀ Houston:
Ọmọ Aláró, ìgbà mélòó lo mu ún kó o tó sọ bẹ́ẹ̀? Ìfẹnukàn àkọ́kọ́ kọ́ ni wọ́n fi ń dá IPA lẹ́jọ́. Ó dẹ̀ẹ̀kẹta kí ahọ́n tó mọ ohun tó ń bẹ níbẹ̀.

Ọmọ Aláró:
Ẹ̀ẹ̀kan péré. Owó mi ni mo fi rà á, mi ò sì tún un rà.

Ìyá Ìbejì Peckham:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́dún 2018, bàbá mi wá kí wa láti Iléṣà. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n nígbà náà. Wọn kì í mutí púpọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán, wọ́n máa ń mu stout ìgò kékeré kan, kan náà ni. Mo wá gbàgbé láti rà á, ọkọ mi sì ti lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Nínú fíríìjì, agolo Punk IPA mẹ́ta ló wà níbẹ̀, èyí tí ọkọ mi máa ń mu tó bá ń wo bọ́ọ̀lù. Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí gbé e títí di ọ̀la."

Wọ́n dà á sínú ife tíì wọn, torí ife tíì yẹn nìkan ni wọ́n ń lò látìgbà tí wọ́n ti dé. Wọ́n gbọ́ òórùn ẹ̀, wọ́n wò mí. "Ta ló fún ọsàn sínú bíà?" Mo ní kò sí ọsàn níbẹ̀, òdòdó kan báyìí ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n mu ún. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n tún mu ún. Wọ́n wá di ojú, wọ́n ń jẹnu díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní, "Orógbó ni. Orógbó ni wọ́n fi ṣe èyí." Mo ní rárá o, Dádì. Wọ́n ní kí n dákẹ́, ṣé èmi ni mo máa kọ́ wọn ní orógbó ni?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n lò lọ́dọ̀ wa, wọn ò béèrè stout mọ́. "Bíà olórógbó" ni wọ́n ń pè é. "Yétúndé, bíà olórógbó mi dà?" Ọkọ mi fúnra ẹ̀ ló wá ń rà á lópòópò tó bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Bàbá lọ sinmi ní 2021. Èmi kì í mu bíà, ṣùgbọ́n bí ọkọ mi bá ṣí agolo yẹn, tí òórùn ọsàn yẹn gba ilé ìdáná, mo máa ń fi ohun tí mò ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ bá mi fún un ní 50 lórúkọ bàbá mi.

Àkàndé Sacramento:
Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ ire. Mo ti kọ 50 bàbá sílẹ̀.

Àṣàkẹ́ Òṣogbo:
Wọ́n á máa ṣọ́ yín o. Ibi "ife tíì wọn" yẹn ni mo ti sunkún. Bàbá tèmi náà, ife kan ṣoṣo.

Bọ̀dé Ìjẹ̀bú:
Bíà olórógbó! Orúkọ yẹn dára ju IPA lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, orógbó kọ́ ni hops jọ. Obì àbàtà ni. Orógbó máa ń korò gbẹ ni. Obì ló máa ń korò lákọ̀ọ́kọ́, tó o bá wá mu omi lé e, omi náà á dùn. Bẹ́ẹ̀ ni IPA ṣe ń ṣe sí mi.

Ọmọ Ọ̀wá:
Bọ̀dé, bàbá Iléṣà ti sọ̀rọ̀, ìwọ Ìjẹ̀bú ń yẹ̀ ẹ́ wò. Orógbó tó gbó dáadáa, tó o bá jẹ ẹ́ láàárọ̀, ìkorò ẹ̀ máa ń pẹ́ lẹ́nu. Kí ni Àkàndé sọ? Ó ní ó jókòó síbẹ̀. Obì kì í jókòó.

Bọ̀dé Ìjẹ̀bú:
Obì jókòó lẹ́nu àwọn bàbá wa ní gbogbo àpèjẹ. Mo dúró lórí ohun tí mo sọ.

Bàbá Olóyè Ìkẹjà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ n dá sí i. Ọdún 22 ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pọn bíà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ orógbó tí bàbá yẹn sọ, ọ̀rọ̀ gidi ni. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé. Gbogbo ilé ìpọntí sáré bọ́ sídìí ọkà bàbà àti àgbàdo. Hops pàápàá, owó òkèèrè la fi ń rà á, nítorí náà àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní yunifásítì wa ń wá ohun tó lè rọ́pò rẹ̀. Orógbó wà lára ohun tí wọ́n dán wò, ewúro náà wà níbẹ̀. Wọ́n korò dáadáa, wọ́n tilẹ̀ ń bá àwọn kòkòrò tó ń ba ọtí jẹ́ jà bíi ti hops. Òórùn nìkan ni kò sí. Hops ní òróró kan nínú tó ń ta sánsán, orógbó ò ní irú ẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Bí ẹ bá ju hops sínú omi tútù, kò ní fi bẹ́ẹ̀ korò. Ó dìgbà tó bá hó fún bíi wákàtí kan kí ìkorò tó jáde dáadáa. Ooru kan náà yẹn ló sì ń lé òórùn rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń pọn IPA fi máa ń fi hops sí i léraléra. Ti àkọ́kọ́ wà fún ìkorò, ti ìkẹyìn wà fún òórùn, wọ́n á sì tún rẹ òmíràn sínú rẹ̀ nígbà tó bá ti tutù pátápátá. Òórùn ọsàn tí bàbá gbọ́ nínú ife tíì wọn, ti ìkẹyìn yẹn ló fà á.

Ọmọ Ọ̀wá:
Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Bọ̀dé, ṣé o ti gbọ́?

Bọ̀dé Ìjẹ̀bú:
Bàbá ò sọ pé obì kò jọ ọ́.

Dípọ̀ Houston:
Ohun tó ṣe mí rèé. Lọ́dún tó kọjá mo ra IPA kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa, mo fún un ní ìràwọ̀ 2 nínú 5 lórí Untappd, áàpù tí wọ́n ti ń fún bíà ní máàkì. Kò ní òórùn kankan. Ó rí lẹ́nu bíi páálí tí òjò pa. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ tán kí n tó yí agolo náà po, mo wá rí ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ sínú ẹ̀ lábẹ́ ìdí. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ. Mo pa máàkì yẹn rẹ́ lọ́jọ́ náà, torí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó pọn ọ́n. Hops kì í fẹ́ kó pẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò Pliny the Elder, IPA kan tí wọ́n ń pọn ní California, pé kí èèyàn mu ún nígbà tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, kó má tọ́jú rẹ̀. Ẹ wo ìdí agolo kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ọmọ Aláró:
Ó ṣeé ṣe kí tèmi náà ti pẹ́. Mi ò wo ìdí ẹ̀.

Àṣàkẹ́ Òṣogbo:
Ìyá mi ta bíà fún ọdún púpọ̀ ní Òṣogbo. Àpò ìrẹsì tó tutù ni wọ́n fi ń bo àwọn kéèsì tó wà níta, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí i. Bí ọmọ kan bá gbé ìgò sójú oòrùn, a máa gba ìfọ́tí. Mo rò pé torí kó lè tutù ni.

Bàbá Olóyè Ìkẹjà:
Ìyá rẹ mọ iṣẹ́. Torí ìmọ́lẹ̀ náà ni. Bí oòrùn bá kan ìkorò hops nínú bíà, á di òórùn burúkú, láìpẹ́ ni. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ máa ń dènà rẹ̀ ju ìgò aláwọ̀ ewé lọ. Agolo ló dára jù, ìmọ́lẹ̀ ò ráyè wọbẹ̀ rárá.

Àṣàkẹ́ Òṣogbo:
Mo máa pè wọ́n lálẹ́ yìí, mo máa sọ fún wọn.

Adé Birmingham:
Kò sẹ́ni tó sọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní India Pale Ale. Wọ́n ń kó o lọ fún àwọn òyìnbó ní Íńdíà ni, ọ̀nà sì jìn, ni wọ́n bá fi hops púpọ̀ sínú ẹ̀ kó má bàa bàjẹ́.

Fúnmi Boston:
Ìtàn yẹn gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Bíà dúdú tí wọ́n ń pè ní porter náà ń dé Íńdíà láìbàjẹ́, wọ́n ń kó o lọ rẹpẹtẹ. Hodgson tó ń pọn bíà ní Bow, ní ìlà oòrùn London, sún mọ́ ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra, òun ló jẹ́ kí tiẹ̀ tà. Kò sí ẹnì kan tó jókòó tó ṣẹ̀dá IPA fún Íńdíà.

Adé Birmingham:
Ó dáa, mo gbà ti Hodgson. Ṣùgbọ́n àwọn ará Burton upon Trent ló wá gba ọjà náà lọ́wọ́ ẹ̀ láti àwọn ọdún 1820. Ibẹ̀ kò jìnnà sí mi. Omi wọn ní gypsum, èròjà kan tó ń wá láti inú òkúta, nínú, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìkorò hops mú ṣáṣá, kó má wúwo lẹ́nu.

Bàbá Olóyè Ìkẹjà:
Ẹ ti gbàgbé ti ilé. Ní 1801, Guinness ní Dublin ti ń kọ ọ̀nà pípọn porter kan sílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí àwọn erékùṣù Caribbean, wọ́n fi hops kún un kó lè la òkun já. Ìran rẹ̀ ni Foreign Extra Stout tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ wa. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ kọ́ ilé ìpọntí sí òkèèrè, tí kì í ṣe Ireland tàbí Britain, Ìkẹjà ni wọ́n kọ́ àkọ́kọ́ sí, ní 1962.

Fúnmi Boston:
Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́ ohun tí bàbá sọ? Ìyẹn ni pé stout tí Dádì yín ń mu ní Iléṣà àti Punk tí wọ́n mu ní Peckham, hops tí wọ́n fi kún ọtí torí òkun wà nínú ìtàn méjèèjì. Ẹnu wọn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ìyá Ìbejì Peckham:
Ẹ ti pa mí lẹ́nu mọ́. Mo ti fi han ọkọ mi.

Sadé l'Ábùjá:
Àwa tá a wà nílé ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ wa ò ní IPA tiẹ̀ ni?

Dípọ̀ Houston:
Bature Brewery wà ní Àbújá níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ lọ bá wọn, kẹ́ ẹ wá sọ fún wa.

Fúnmi Boston:
Heady Topper tí wọ́n ń pọn ní Vermont, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ gbàgàdà pé inú agolo ni kí èèyàn ti mu ún. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mu ún, kò sì sí IPA tó dùn tó o lẹ́nu mi.

Àkàndé Sacramento:
Fúnmi, máàkì 12 òórùn ńkọ́? Ihò agolo kéré, imú ò ráyè.

Fúnmi Boston:
Wọ́n ní òórùn náà ni wọn ò fẹ́ kó sá lọ. Ẹni tó pọn ọ́n ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi fara mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì Peckham:
Ife tíì.

Àkàndé Sacramento:
Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa lánàá, mo ra orógbó. Lálẹ́, mo jẹ ẹ́ kúnná, mi ò mu omi, mo ṣí Torpedo míràn, mo wo ìdí ẹ̀, kò tíì pé oṣù kan, mo dà á sínú ife tíì. Mo mu ún lé orógbó náà lórí. Ìkorò ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́, orógbó ti gba ipò ẹ̀. Ohun tó kù lẹ́nu mi ni ọsàn, àti adùn ọkà kan lábẹ́ ẹ̀ tí mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo gbé ìtọ́wò kúrò ní 15, mo fún un ní 17. Ó di 41.

Bọ̀dé Ìjẹ̀bú:
Dán an wò pẹ̀lú obì.

Ìyá Ìbejì Peckham:
Àkàndé, orógbó mélòó lo jẹ?

Àkàndé Sacramento:
Ààbọ̀ kan péré, mà. Ààbọ̀ kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife náà.