Ta ló yẹ kó ni ojú irin rélùwéè asáretete, ta ló yẹ kó máa wa ọkọ̀ orí rẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Birmingham:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bọ́ọ̀sì tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ Curzon Street, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ibùdó HS2, rélùwéè asáretete tuntun tí ìjọba ń là láti London wá síbí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí kírénì níbẹ̀, jẹ́lé-ó-sinmi ni ọmọ mi wà. Ó ti ń múra àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì báyìí. Lọ́dún 2021 wọ́n gé ẹ̀ka Leeds. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 2023, Sunak tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà ní ẹ̀ka Manchester náà ò sí mọ́. Owó orí wa ló ń jẹ. Ṣé kò ní í dáa kí aládàáni kúkú kọ́ ọ, kó máa wà á, kó fi tíkẹ́ẹ̀tì gba owó rẹ̀ padà?

Ìyá Tọ́pẹ́:
Wọ́n ti dán an wò ní Taiwan. Aládàáni ló la ojú irin Taipei sí Kaohsiung, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an ní 2007. Èrò ò tó iye tí wọ́n fojú sí, èlé ń gorí èlé. Ní 2015 ìjọba náà ló kówó sí i tó sì wá ní ìpín tó pọ̀ jù.

Elélùbọ́ Madrid:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dà á pọ̀. Ọ̀tọ̀ ni irin, ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀. Madrid sí Barcelona ní Spain níbí jẹ́ 621 kìlómítà. Adif tó jẹ́ ti ìjọba ló ni irin. Bí ìsọ̀ ọjà ló rí, ẹni tó bá fẹ́ tà, á sanwó ìsọ̀. Renfe, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ti ìjọba Spain, nìkan ló ń tà tẹ́lẹ̀. Ouigo dé lóṣù karùn-ún 2021, Iryo tẹ̀ lé e lóṣù kọkànlá 2022, ni owó ọkọ̀ bá já wálẹ̀. Èmi tí mò ń fi bọ́ọ̀sì òru gbé èlùbọ́ lọ fún àbúrò mi ní Barcelona tẹ́lẹ̀, wákàtí méjì ààbọ̀ ni mo fi ń débẹ̀ báyìí. Àpò wà lórí itan mi, wọ́n kọ 300 kìlómítà ní wákàtí kan sára ẹ̀rọ tó wà lókè, èlùbọ́ ò tilẹ̀ mì.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé SNCF, ti ìjọba Faransé, ló ni Ouigo. Trenitalia, ti ìjọba Ítálì, ní ìpín ńlá nínú Iryo. Ìjọba ẹlòmíì ló wọ agbádá aládàáni wá o!

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Birmingham:
Ó yé mi. Ta wá ni yóò sanwó Curzon Street tán?

Elélùbọ́ Madrid:
Ẹ̀yin náà ni o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú.