Ìbéèrè: Ọjọ́ mẹ́wàá nínú àgọ́ láàárín àwọn òkè ayọnáyèéfín Auvergne, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti Màmá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àánú, Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi àgbà, Àánú, tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, ti ń ka ìwé nípa òkè ayọnáyèéfín láti ọdún tó kọjá. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ nídìí oúnjẹ mọ́. Èmi àti bàbá rẹ̀ wá pinnu pé nígbà ọlidé ooru yìí, a óò wakọ̀ lọ sí Auvergne láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé, ká pàgọ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ 10.

Àwa mẹ́fà ni: èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ mẹ́ta (12, 8 àti 4), àti ìyá ọkọ mi tó ti pé ẹni ọdún 71. Ara Màmá le dáadáa, àmọ́ orúnkún ọ̀tún ń dùn wọ́n, wọn ò lè pọ́n òkè fún wákàtí mẹ́ta. Síbẹ̀ wọ́n ní àwọn ò ní jókòó sílé ká máa fi àwòrán ránṣẹ́ sí àwọn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Gbogbo ètò ìrìn àjò tí mo rí kà, eré ni wọ́n ń sá nínú rẹ̀: òní orí òkè yìí, ọ̀la etí adágún yẹn, ọ̀túnla ká tú àgọ́ ká gba ibòmíràn lọ. A ti ṣe irú rẹ̀ rí ní Scotland. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, àbígbẹ̀yìn mi ti ń sunkún pé òun fẹ́ lọ sílé. N kò fẹ́ ìyẹn mọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n ráyè fọwọ́ kan òkúta, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n bi wá ní ìbéèrè. Ibo ni ká pàgọ́ sí? Èwo nínú àwọn òkè náà ni Màmá lè dé? Ṣé òtútù máa ń mú lóru?

Ọmọ Kétu, Lyon

Ẹ kú ètò o, ìyá wa. Ọmọ Kétu ní Benin ni mí. Lyon ni mò ń gbé, kò sì ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ láti ọ̀dọ̀ wa dé Clermont-Ferrand, ìlú ńlá Auvergne, nítorí náà ọdọọdún la máa ń lọ.

Ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ pàgọ́ sí, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi máa padà. Bí ó bá jẹ́ tèmi, agbègbè adágún Chambon ni, nítòsí ìlú kékeré tí wọ́n ń pè ní Murol. Ẹ wò ó báyìí: apá àríwá ni àwọn òkè kéékèèké tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ wà, nǹkan bí 80, tí wọ́n ń pè ní Chaîne des Puys. Ọdún 2018 ni UNESCO kọ orúkọ wọn mọ́ àwọn ogún àjùmọ̀ni ayé. Apá gúúsù ni Sancy wà, òkè ńlá tó ga tó nǹkan bí 1,885 mítà. Chambon bọ́ sí àárín. Kò sí ibi tí ẹ máa fẹ́ lọ tó máa gbà yín tó wákàtí kan nínú ọkọ̀.

Adágún náà fúnra rẹ̀ ti tó àwọn ọmọ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Òkè ayọnáyèéfín kékeré kan, Tartaret, ló bú gbàù sínú àfonífojì, ó dí odò tó ń ṣàn kọjá, odò náà sì tẹ́ rẹrẹ, ó di adágún. Omi rẹ̀ kò jìn, iyanrìn wà létí rẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ nígbà ooru. Ọ̀nà tó yí i ká tẹ́jú, Màmá lè rìn ín tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀. Ẹ lo ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ níbẹ̀, kí ẹ má lọ síbì kankan.

Bàbá Ìbejì, Milton Keynes

Òótọ́ ni Ọmọ Kétu sọ. Àwa sáré ní tiwa. Ibùdó mẹ́ta láàárín ọjọ́ méje! Ohun tí àwọn ìbejì mi rántí jù lọ ni ìtúpalẹ̀ àgọ́ àti ìjà tí èmi àti ìyá wọn jà nítorí òpó àgọ́ tó sọnù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó le jù nínú rẹ̀. Agogo méjì ọ̀sán la bẹ̀rẹ̀ sí í gun Puy Pariou, ọ̀kan nínú àwọn òkè Chaîne des Puys yẹn. Oòrùn ń ràn nígbà tí a kúrò nídìí ọkọ̀. Kò pẹ́ tí a dé ẹnu kòtò orí òkè ni ojú ọ̀run ṣú, àrá bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Kò sí igi níbẹ̀, kò sí ilé, àwa la ga jù lórí òkè náà. Mo gbé ọ̀kan, ìyá wọn gbé èkejì, a sì sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí ogun ń lé. N kò lè gbàgbé ọjọ́ náà. Lọ́sàn-án ìgbà ooru, àrá wọ́pọ̀ lórí àwọn òkè yẹn. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ máa gun òkè, kí ẹ sì ti wà nísàlẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Kí ọ̀sán jẹ́ ti adágún àti oorun.

Ìbéèrè kan: ṣé gbogbo yín lẹ ní páspọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Ìyá Àánú, Leeds

Ẹ ṣeun púpọ̀, bàbá. Àyà mi já bí mo ṣe ń ka ti àrá yẹn. Àwa márùn-ún ní i, àmọ́ páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni ti Màmá. Wọ́n ní ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke níbí. Ṣé ìyẹn ò tó?

Bàbá Ìbejì, Milton Keynes

Kò tó rárá. Ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣí ilẹ̀kùn Faransé. Màmá gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, èyí tí Faransé àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù jọ ń lò. Wọ́n gbà kéèyàn béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, 90 yúrò sì ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà. Àyè ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò máa ń tán bí ìgbà ooru bá ti ń sún mọ́lé, ẹ wá ti Màmá kí ẹ tó sanwó àyè àgọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní páspọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 10 tí wọ́n ti fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lára lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá máa kúrò.

Ṣadé, Peckham

Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ kí ló dé tí ẹ fẹ́ mú ìyá ẹni ọdún 71 sun ilẹ̀? Ẹ gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá sì ti wakọ̀ jìnnà tó yẹn, ẹ kúkú lọ wo gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ta ló mọ ìgbà tí ẹ tún máa padà?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham

Ṣadé, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn jẹ èmi náà lógún, àmọ́ ó ní ọ̀nà. Púpọ̀ nínú àwọn ibùdó wọ̀nyẹn ní ilé onígi kékeré tí wọ́n ń fi háyà, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì gidi. Kí Màmá sùn nínú ìyẹn, kí àwọn yòókù pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i gbà, ẹ ra bẹ́ẹ̀dì tó ṣeé ká pọ̀, tó sì ga, kí wọ́n lè dìde láìfi orúnkún kúnlẹ̀.

Ìyá Àánú, òtútù ń mú lóru o! Ibi tó ga tó 900 tàbí 1,000 mítà ni ẹ máa wà. Kódà nínú oṣù kẹjọ, ó lè lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ ra ohun tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ dáadáa, torí inú ilẹ̀ ni òtútù ti ń gòkè wọ ara. Fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ fún gbogbo ọmọ.

Ohun tí mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ jù lọ nìyí: bó ti wù kí òtútù mú tó, bó ti wù kí òjò rọ̀ tó, ẹ má gbé sítóòfù tàbí ẹyinná wọnú àgọ́. Àní bí iná bá ti kú, tó ku ẹyín nìkan. Èéfín tí kò ní òórùn ni ó ń tú jáde, ojú oorun ló sì ti ń pa odindi ìdílé. Mo bẹ̀ yín.

Eégbọn pọ̀ nínú koríko gíga níbẹ̀. Ẹ máa yẹ ara àwọn ọmọ wò lálaalẹ́: ẹ̀yìn etí, abíyá, ẹ̀yìn orúnkún. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ dì í mú nítòsí awọ ara, kí ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀ láìfún un pa. Bí àmì pupa róbótó bá ń gbòòrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà. Nọ́ńbà pàjáwìrì wọn ni 112. Kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá sì wà nínú àpò ọwọ́, kì í ṣe nínú búùtù.

Ìyá Àánú, Leeds

Ọlọ́run á bù kún yín, Àǹtí. Ilé onígi fún Màmá! N kò ronú débẹ̀ rárá.

Ṣadé, mo gbọ́ yín, àmọ́ bí a bá wo gbogbo rẹ̀, àwọn ọmọ ò ní rí ọ̀kankan. Ohun kan ṣì ń da Màmá láàmú. Àánú kà fún wọn pé inú kòtò òkè ayọnáyèéfín ni omi adágún Pavin wà, Màmá sì rántí Nyos ní Kamẹrúùnù lọ́dún 1986, tí gáàsì jáde látinú adágún lóru tó pa nǹkan bí 1,700 èèyàn. Wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí ọmọ àwọn dé ẹ̀bá irú omi bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Kétu, Lyon

Ẹ bá mi kí Màmá. Àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ò lè gbàgbé Nyos, ìbéèrè wọn sì mọ́gbọ́n dání ju ti púpọ̀ nínú àwọn tó ń lọ síbẹ̀. Pavin jìn tó nǹkan bí 92 mítà, omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í sì í pò mọ́ tòkè. Gáàsì wà nísàlẹ̀ yẹn lóòótọ́, àmọ́ kò sún mọ́ iye tó wà ní Nyos rárá, àwọn onímọ̀ sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, wọ́n kà á léèwọ̀. Rírìn yí i ká lábẹ́ igi ló dùn: ó rí róbótó bí ojú àwo, wákàtí kan sí méjì pẹ̀lú ọmọdé.

Ní ti òkè tí Màmá lè dé, Puy de Dôme ni, 1,465 mítà. Láti ọdún 2012 ni ọkọ̀ ojú irin kan, tó ń fi kẹ̀kẹ́ eléyín di ojú irin mú, ti ń gbé èèyàn dókè, ìṣẹ́jú 15 péré. Láti òkè yẹn ni wọ́n ti máa rí àwọn òkè kéékèèké yòókù tí ẹnu wọn là sókè bí ìkòkò. Bàbá Àánú àti Àánú lè gba ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́, kí wọ́n bá yín lókè. Sancy ní ọkọ̀ orí wáyà, àmọ́ lẹ́yìn rẹ̀ àtẹ̀gùn onígi tó lé ní 800 ló kù dé góńgó, Màmá kò gbọdọ̀ dán an wò. Ní Le Mont-Dore, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wà láti ọdún 1898 tó ń gòkè lọ sínú igbó Capucin. Ó rọra ń lọ, Màmá máa fẹ́ràn rẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ má gbé ẹran tàbí wàrà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Faransé, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹja gbígbẹ àti gàrí kò ní wàhálà. Fún òkèlè, ẹ wá ìyẹ̀fun sẹmó tí wọ́n kọ «semoule fine» sí lára nílé ìtajà wọn, ó ń ro dáadáa. Ọkùnrin kò sì lè wọ ṣòkòtò ìwẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ wọ odò ìwẹ̀ ọ̀pọ̀ ibùdó. Èyí tó fún mọ́ra ni wọ́n ń fẹ́.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì, Abẹ́òkúta

N kò tíì dé Faransé rí, àmọ́ mo fẹ́ bá Àánú sọ̀rọ̀. Ọmọ mi, lórí Puy de Dôme yẹn gan-an ni Florin Périer, ọkọ ẹ̀gbọ́n Blaise Pascal, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, gbé ọ̀pá onígíláàsì tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀ gùn ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1648. Bí ó ṣe ń gòkè ni mẹ́kúrì ń lọ sílẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́rìí sí i pé afẹ́fẹ́ ní ìwúwo, ó sì ń dín kù bí èèyàn bá ṣe ń lọ sókè. Ra ìpékeré inú nylon tí wọ́n lẹ̀ pa, má ṣí i, gbé e dání bí o ṣe ń gun òkè. Wo bí nylon náà ṣe máa wú.

Tún wo òkúta àwọn òkè kéékèèké tó wà nítòsí rẹ̀: pupa tàbí dúdú, ó fúyẹ́, ihò wà lára rẹ̀ yẹ́kẹyẹ̀kẹ. Gáàsì ló jáde lára rẹ̀ nígbà tó ṣì ń yọ́. Olúmọ tiwa níbí kò rí bẹ́ẹ̀, àpáta tó rọra dì nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi le gbagidi. Bí o bá fọwọ́ kan méjèèjì, o ò ní gbàgbé láé. Àmọ́ má kó òkúta ibẹ̀ wálé, ilẹ̀ tí wọ́n ń dáàbò bò ni.

Ìyá Àánú, Leeds

Ẹ wo ohun tí ẹ ṣe fún mi! Àánú ti da ọ̀rọ̀ yín kọ sínú ìwé, sà. Ètò wa nìyí: físà Màmá kọ́kọ́. Bí ó bá ti jáde, ibùdó kan létí Chambon ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹjọ, ilé onígi fún Màmá àti àbígbẹ̀yìn, àgọ́ fún àwa yòókù. A óò sun ìlú Bourges lọ́nà kí a má bàa wa ohun tó lé ní 700 kìlómítà láti Calais lójúmọ́ kan. Òkè mẹ́ta péré fún ọjọ́ mẹ́wàá, òwúrọ̀ nìkan. Màmá ń béèrè bóyá àwọn lè gbé àga ìjókòó àwọn dání láti ilé, èyí tó ní ìrọ̀rí lẹ́yìn.

Ọmọ Kétu, Lyon

Kí wọ́n gbé e. Ẹ gbé kékeré kan tì í pẹ̀lú, torí ọmọ ọdún 4 yẹn máa fẹ́ jókòó tì wọ́n létí omi.