Báwo lẹ ṣe ń dí ooru tó ń jò nígbà tí ẹ bá ń wọn ìṣàn oru àti omi nínú òkúta?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkúta tí à ń lò ni òkúta oníyanrìn tí wọ́n ń pè ní Berea, ó gùn tó 40 cm. Oru àti omi jọ ń gba inú rẹ̀ kọjá ní nǹkan bí 120°C, níbi tí ìfúnpá ìhó omi ti súnmọ́ bar 2. CT scanner (ẹ̀rọ tó ń fi X-ray yàwòrán inú nǹkan) la fi ń mọ ìwọ̀n omi tó wà nínú ihò rẹ̀.

Omi máa ń kó jọ sí ẹnu àbájáde, nítorí àwọn ihò wínníwínní náà ń fà á mọ́ra. Ìyẹn rọrùn: a ò ní ka apá ibẹ̀ mọ́ ìṣirò. Ooru tó ń jò lára òkúta ló le. Ó ń sọ oru di omi lójú ọ̀nà, nítorí náà ìwọ̀n oru tó wọlé kọ́ ló ń dé àárín, relative permeability tí a ṣírò (ìwọ̀n bí òkúta ṣe ń gba oru tàbí omi láyè tó láti kọjá nígbà tí àwọn méjèèjì jọ wà nínú rẹ̀) á sì yẹ̀. Hítà tí a wé mọ́ ọn ń ràn án lọ́wọ́, àmọ́ bó bá gbóná jù, omi á tún máa hó. (Ìbora lásán ò tó o.)

Ṣé heat flux sensor (ohun tó ń wọn ooru tó ń gba ojú kan kọjá) lẹ fi ń darí hítà yín ní apá kọ̀ọ̀kan, àbí ẹ kàn ń ṣírò ooru tó sọnù? Gáàsì nitrogen kì í di olómi níbẹ̀ bíi ti oru. Ṣé ẹ máa ń kọ́kọ́ fi òun àti omi dán òkúta wò, kí ẹ lè rí nǹkan fi wé ti oru?