Ìdàdànù irin kọ́, ìdàrọ́ ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀gbọ́n wa ti ṣẹ̀dá “ìdàdànù irin” fún gbogbo pàǹtí tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń da irin, wọ́n sì fẹ́ kó wọ ìwé pélébé tí a ó pín fún àwọn tó ń da ìkòkò ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Mo tako ọ̀rọ̀ náà pátápátá.

Ẹ wo “dà” méjì tó wà nínú rẹ̀. Àlàyé yín ni pé ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti “da irin”, ìkejì sì jẹ́ ti “dànù”. Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́, ẹ̀gbọ́n. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì bá tò tẹ̀lé ara wọn báyìí, ohun kan náà ni wọ́n jọ ń bá ṣe: ohun tí a rà náà ni a jẹ nínú “rà jẹ”, ohun tí a sè náà ni a tà nínú “sè tà”. A jẹ́ pé ohun tí a dà náà ni a dànù. Ta ló ń da ìkòkò tán tó wá ń dà á nù? Ìkòkò ti lọ sọ́jà. Ohun tó kù nídìí iná là ń wí. Ẹ ní ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń kọ́ni ní gírámà. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n gírámà yìí náà ló lòdì sí yín.

Ohun tó kù nídìí iná lórúkọ látọwọ́ àwọn bàbá wa alágbẹ̀dẹ: ìdàrọ́. Ẹni tó ní ti irin nìkan ni, kó ṣí Bíbélì Yorùbá sí Èsékíẹ́lì 22:18, yóò rí i pé ti fàdákà náà wà ńbẹ̀. Ẹ má sì kọ ọ́ ní “ìdárò” mọ́. Òkú là ń dárò.

Ìnira tó wà nínú ọ̀rọ̀ yín ju ti gírámà lọ. Ìdàrọ́ alumíníọ́mù, èyí tí wọ́n ń gbọ́n kúrò lójú rẹ̀ nígbà tó bá yọ́ ní 660°C, kò gbọdọ̀ kan omi. Bí òjò bá pa á, yóò gbóná, yóò sì máa tú afẹ́fẹ́ ammonia jáde, òórùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́. Bí gọ́tà bá wá gbé e dé odò Ala ní Àkúrẹ́, ẹja ló máa jìyà. Abẹ́ òrùlé, lórí sìmẹ́ǹtì gbígbẹ, ni kó ti tutù, kí wọ́n sì ṣa alumíníọ́mù inú rẹ̀ padà sínú ìléru, nítorí ó lè ju ìlàjì rẹ̀ lọ. Iyanrìn tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán ìkòkò kí wọ́n tó da irin sínú rẹ̀ ńkọ́? Omi lòun ń fẹ́! Amọ̀ inú rẹ̀ ń jóná díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń lò ó lálòtúnlò, iyanrìn náà á sì di eruku tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àfi kí wọ́n wọ́n omi sí i kí wọ́n tó gbá a. Bí ẹ bá pe méjèèjì ní ìdàdànù, èwo ni alágbàṣe yóò wọ́n omi sí?

Ti idẹ, èéfín ni: síǹkì inú rẹ̀ ń hó ní 907°C, ó ń rú funfun, ibà a sì mú ẹni tó fà á símú lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdàrọ́ òjé bátìrì ló burú jù. Inú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí ni kó wà, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo wa la rántí bí òjé ṣe pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Zamfara ní 2010.

Nítorí náà, “pàǹtí ilé ìdàrin” fún àpapọ̀, lẹ́yìn náà kí a dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó ń sọ pé “ilé ìyọ́rin” ló tọ̀nà, mi ò tíì gbà fún un. Yíyọ́ nìkan kò sọ irin di ìkòkò.