Mo ní ADHD, mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ṣé kí n pa àṣàrò tì ni?

Aláìsinmi kọ:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara dà á.

Ọmọ ọdún 38 ni mí. Ó ti di oṣù méje báyìí tí dókítà ti sọ fún mi pé ADHD ló ń ṣe mí, ìyẹn ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kéèyàn lè fọkàn sí nǹkan kan tàbí kó jókòó jẹ́ẹ́. Kó tó sọ bẹ́ẹ̀, ó béèrè bí mo ṣe rí kí n tó pé ọmọ ọdún 12, torí pé ìlànà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2013 sọ pé àmì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti máa hàn lára èèyàn láti ìgbà yẹn. Màmá mi lọ tú àpótí, wọ́n gbé káàdì ilé ìwé mi jáde. Ọdún mẹ́ta tẹ̀ léra, olùkọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohun kan náà ni wọ́n kọ: ó ní ọpọlọ, àmọ́ kì í fọkàn sí ohun tó ń ṣe. Mo jókòó ti káàdì yẹn, mo sunkún. Láti kékeré ni mo ti gbà pé ọ̀lẹ ni mí.

Mò ń lo oògùn, ó sì ń ràn mí lọ́wọ́ gan-an. Ìrọ̀lẹ́ ni ìṣòro. Tí agbára oògùn bá ti tán lára mi, ilé kì í gbà mí, ọ̀nà kì í gbà mí. Ẹ wo ti àná. Mo dìde láti lọ mú ṣájà fóònù nínú yàrá. Mo rí aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Mo rí lẹ́tà kan lábẹ́ aṣọ, mo jókòó, mo kà á. Lẹ́tà yẹn rán mi létí ìwé kan tó yẹ kí n ti fi ránṣẹ́ síbi iṣẹ́, ni mo bá ṣí kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí mo máa rántí fóònù, ó ti kú, ìdajì aṣọ wà nílẹ̀, ìwé yẹn ò sì tíì lọ. Ìyàwó mi ti dúró fún ìṣẹ́jú 40 níbi tó yẹ kí n ti lọ gbé e. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn wọ mọ́tò, ó ń wo ìta. Ìyẹn dùn mí ju ariwo lọ.

Dókítà ní kí n fi àṣàrò kún un. Mo wá fídíò kan, ìṣẹ́jú 20 ni. Wọ́n ní kí n dijú, kí n máa ka èémí mi láti ení dé ẹ̀wá. Mi ò dé ẹ̀ta rí. Ení, èjì, mo ti ń ronú nípa ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń dún nínú ilé, láti ibẹ̀ mo ti dé orí ìjà tí mo bá ọ̀gá mi jà lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ á máa yún mi, inú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń ṣe é lálaalẹ́, ńṣe ló ń burú sí i.

Ẹ̀yin tó ní ADHD tí ẹ sì ń ṣe é, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kàn ní kí n fara balẹ̀. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi.

Àtẹ́lẹsẹ̀ fèsì:

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Má pa á tì. Mo ti lé ní 50 ọdún, ẹni ọdún 44 sì ni mí kí n tó mọ̀ pé nǹkan tó ń ṣe mí lórúkọ.

Ibi tí o ti sọ pé o ò dé ẹ̀ta rí ló dá mi dúró. Ta ló sọ fún ọ pé dídé ẹ̀wá ni iṣẹ́ náà? Kí o mọ̀ pé ọkàn rẹ ti lọ, kí o sì lọ mú un padà, iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn. Tó bá lọ nígbà 30, tí o mú un padà nígbà 30, o ti ṣe é nígbà 30. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lọ síbì kankan, kí ló fẹ́ mú padà?

Èkejì, ìṣẹ́jú 20 ti pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àṣàrò yìí nílé ìwòsàn yunifásítì Massachusetts lọ́dún 1979, àwọn tí ìrora ti bá fínra tipẹ́ ló ń kọ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lóòjọ́ ló sì ń ní kí wọ́n ṣe nílé. Wọn ò fi wá sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe ìyẹn. Ìgbà tí Lidia Zylowska àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní UCLA, yunifásítì kan ní California, wá ṣe é fún àwa tó ní ADHD, ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, ẹni tí jíjókòó bá sì nira fún lè máa rìn. Ọ̀sẹ̀ 8 ni, àgbàlagbà 24 àti ọ̀dọ́ 8 ló wọ̀ ọ́. Èsì rẹ̀ jáde ní 2008, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó parí rẹ̀ sọ pé ara àwọn fúyẹ́. Wọn ò ní àwọn mìíràn tí wọ́n lè fi wọ́n wé, torí náà mi ò lè fi búra. Àmọ́ rírìn yẹn ló gbà mí.

Mo máa ń bọ́ bàtà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi gùn tó ìṣísẹ̀ 11, ibẹ̀ ni mo ti ń rìn lọ rìn bọ̀, ojú mi là sílẹ̀. Gìgísẹ̀ á kọ́kọ́ kanlẹ̀, màá mọ̀ pé ilẹ̀ tutù. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e. Àtàǹpàkò á wá tì mí síwájú. Mi ò wo nǹkan mìíràn ju ìyẹn lọ. Tí mo bá dé ògiri, màá dúró, màá mí lẹ́ẹ̀kan, kí n tó yí padà. Ibi ògiri yẹn ni mo sábà máa ń mọ̀ pé ọkàn mi ti lọ tipẹ́. Ògiri ló ń pè mí wálé.

Mo ṣì ń gbàgbé nǹkan o. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ohun tí mo rí gbà ni pé mo ti ń mọ̀ kí n tó ṣe. Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin ń sọ fún mi pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, màá ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ yẹn, mo mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun mi, bí èèyàn ṣe máa ń mọ̀ pé òun fẹ́ sín. Mo mí. Ó ń bọ́rọ̀ lọ. Ó sì sọ ohun tó ti ń fi pa mọ́ fún mi láti ọdún méjì.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ fèsì:

Ẹ̀gbọ́n wa ti sọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀yin Aláìsinmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí àṣàrò dá oògùn dúró fúnra yín. Èmi ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kẹrin tí ara mi balẹ̀ ni mo gbé oògùn sí kọ́lọ́fín, kò pé oṣù kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù iṣẹ́ mi. Ìwádìí tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà 120 ní Netherlands, tó jáde ní 2019, ńṣe ni wọ́n fi àṣàrò kún ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, wọn ò fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi kún tiwọn ló sàn jù, ó sì ṣì ń hàn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Nǹkan kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Alẹ́ lẹ̀ ń ṣe é, ìgbà tí oògùn ti tán lára. Ẹ gbìyànjú òwúrọ̀. Kí ẹ sì sọ ti ìrọ̀lẹ́ yẹn fún dókítà, wọ́n lè tún iye oògùn tàbí àkókò tí ẹ̀ ń lò ó wò.

Elétí fèsì:

Kíka èémí máa ń já mi láyà, bíi pé mo fẹ́ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mí. Ariwo fáànù ni mo ń fetí sí. Ìyẹn náà jẹ́ àṣàrò.

Aláìsinmi kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Mo ti gbé e sí òwúrọ̀, ìṣẹ́jú 5, mò ń rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ méjì ni mo gbàgbé pátápátá. Dókítà máa rí mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nípa ti ìrọ̀lẹ́.

Lánàá, mo tún lọ mú ṣájà. Aṣọ tún wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti ká ẹyọ méjì, ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ mi, ni mo bá rí i pé mo mú un dání. Mo dúró níbẹ̀, mò ń fi ọwọ́ tẹ etí aṣọ náà. Mo gbé e kalẹ̀. Mo mú ṣájà, mo jáde.

Ẹ̀gbọ́n Àtẹ́lẹsẹ̀, mo fẹ́ béèrè: lọ́jọ́ tí ẹ bá gbàgbé láti rìn, ṣé ẹ máa ń ṣe é lálẹ́ ni, àbí ẹ máa ń jẹ́ kó di ọjọ́ kejì?