Akọni, òrìṣà, àbí àkàndá: kí ni ká máa pe Superman àti ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lórí orúkọ tí ó yẹ ká fún àwọn Superman, Spider-Man àti irú wọn tí àwọn ọmọ wa ń wò nínú fíìmù. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní òrìṣà ni ká pè wọ́n, nítorí pé Thor tó ń sán àrá àti Ṣàngó ò jìnnà síra. Àǹtí wa tó ń kọ́ni níbí ní Ìbàdàn ní àkàndá akọni ló tọ́. Ẹnìkan tiẹ̀ ní ká kúkú kọ ọ́ ní súpáhíró, kí kálukú máa lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí n fèsì.

Òrìṣà ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Òrìṣà ní àwòrò, ó ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ó ní èèwọ̀, ó ní ohun tó ń gbà. Ta ló ń bọ Superman? Nínú àwọn tí ẹ dárúkọ, Thor nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn lè bá mu, torí pé àwọn ará àríwá Yúróòpù bọ ọ́ lóòótọ́ láyé àtijọ́, kí iléeṣẹ́ Marvel l'Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di ẹni inú ìwé àwòrán ní 1962. Àwọn yòókù, òǹkọ̀wé ló bí wọn. Ká má sì tan ara wa, inú àwọn oníṣàngó ò ní í dùn bí a bá to bàbá wọn mọ́ ọkùnrin tó wọ pátá sórí ṣòkòtò.

Àkàndá dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ tan rédíò yín. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ti ní "àwọn àkàndá ẹ̀dá", ẹni tí kò ríran, ẹni tí kò lè rìn, àwọn tó ní ìpèníjà ara ló ń wí. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni, ó sì dára ju àwọn orúkọ èébú tí a fi ń pè wọ́n lọ. Bí a bá tún gbé e fún ẹni tó ń fò lójú sánmà, a ó kàn da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ara wa lójú ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dùn mọ́ mi jù nìyí. Bí Yorùbá bá rí ẹni tí agbára rẹ̀ ju ti èèyàn lọ, ohun àkọ́kọ́ tí yóò béèrè ni pé níbo ló ti rí i. Ẹ bi àwọn wọ̀nyí bẹ́ẹ̀, ẹ óò rí i pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà. Superman, wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Spider-Man, aláǹtakùn ló bù ú jẹ. Iron Man, alágbẹ̀dẹ ni, ọmọ Ògún pọ́ńbélé: ó rọ ẹ̀wù irin, ó kó sí i. Batman ní owó àti ọgbọ́n, ó sì mọ ìjà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Black Panther inú fíìmù 2018 ńkọ́? Wọ́n fún un ní omi ewé mu, wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó bá àwọn baba ńlá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì dìde pẹ̀lú agbára. Olóògùn mà ni o! Kò sí ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan ní Ọjà Ọba tí yóò wo ibẹ̀ tí yóò ní nǹkan tí wọ́n ń ṣe ò yé òun.

Fágúnwà ti rin ọ̀nà yìí. Ọdún 1938 tí Superman kọ́kọ́ jáde l'Amẹ́ríkà ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ náà jáde. Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀, Àràmàdà-okùnrin, ẹgbẹ́ ni wọ́n kó lọ sí Òkè Láńgbòdó, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Ọdẹ ni gbogbo wọn. Orúkọ àti ìtàn ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sọ ohun tó ń ṣe é.

Ohun tí mo fara mọ́ ni akọni abàmì. Ẹ̀gbọ́n á ní abàmì ń dẹ́rù bani. Ó ń dẹ́rù bani, mo gbà, àwọn náà ń dẹ́rù bani! Ẹni tó ń fọwọ́ kan gbé ọkọ̀ sókè kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bá gbélé kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Fẹlá sì fi Abàmì Ẹ̀dá ṣe oríkì, kò sí ẹni tó gbà á sí èébú. Batman á wà ní akọni lásán. Akọni ọ̀hún pàápàá, ìwà ló ń sọ, kì í ṣe agbára: nínú Ànìkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022, Sàró ń jí òkú, ṣé a rí ẹni tó pè é ní akọni? Ojúkòkòrò rẹ̀ ò jẹ́.

Súpáhíró ńkọ́? Kó máa bẹ. Mo dúró ní ìsọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá níbi tí wọ́n ti ń da fíìmù sínú fóònù. Ọmọkùnrin kan ní kí wọ́n má da ti Marvel kan fún òun, wọ́n ní ákítọ̀ kú níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fọwọ́ gbá tábìlì: "Irọ́ ni! Ákítọ̀ kì í kú. Tó bá kú, á jí ní apá kejì." Onísọ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè: "Èyí ò jí o. Ṣé kí n da èyí tí bọ́ọ̀sì ti kú fún yín?" Nínú kíláàsì, olú ẹ̀dá-ìtàn là ń pe ákítọ̀ yẹn, bọ́ọ̀sì sì ni olórí ọ̀tá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa fi jiyàn ní Mọ́kọ́lá. Láti 1959 tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ wo bí amóhùnmáwòrán àti tẹlifíṣọ̀n ṣe jọ ń gbé: ọ̀kan wà lẹ́nu oníròyìn, èkejì wà ní pálọ̀.

Ó ku síísìn àti ẹpisóòdù àwọn eré tí kì í tán. Láti ayé kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn onífíìmù wa ti ń kọ apá kìíní, apá kejì sára páálí, nítorí náà kí síísìn máa jẹ́ apá, kí ẹpisóòdù máa jẹ́ ìpín. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó kọ ọ́ wá, ṣùgbọ́n kó fi gbólóhùn tó ti gbọ́ lẹ́nu èèyàn gbè é lẹ́yìn.